Ṣé iná tíúbù tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ ère? Ìdáhùn fún àǹtí tó lọ wo iṣẹ́ Dan Flavin

Àǹtí kan tó ń gbé ní New York ló kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn àti àbúrò àwọn ọkùnrin, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, lọ sí mùsíọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ Dia Beacon, wọ́n dé ibi kan wọ́n bá fùlọ́rẹ́sẹ́ńtì tó ń tàn, irú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ gangan, wọ́n ní ère ni. Àbúrò wọn bú sẹ́rìn-ín, ó ní tí wọ́n bá fún òun ní Sátidé kan ṣoṣo òun á to irú ẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n wá bi mí ni pé: kí ló sọ ọ́ di ère? Tí iná náà bá jó, ṣé wọ́n kàn máa lọ ra òmíràn ni, tí wọ́n bá sì rà á, ṣé iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì jẹ́? Àti pé ṣé àbúrò àwọn lè ṣe é fún àwọn sí pálọ̀ lóòótọ́?

Ẹ ṣeun àǹtí mi. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Iṣẹ́ mi ni kí n máa so iná mọ́ iṣẹ́ ọnà kí n sì máa tọ́jú ẹ̀, kò sígbà tí a gbé irú ẹ̀ síta tí ẹnì kan ò ní béèrè ohun tẹ́ ẹ béèrè yìí, kódà àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù béèrè ẹ̀, ó tiẹ̀ di ẹjọ́, màá débẹ̀.

Ẹni tó ṣe é, Dan Flavin, Queens ní New York ni wọ́n bí i sí ní 1933. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di fadá ló kọ́kọ́ lọ, ní Brooklyn, ó kúrò níbẹ̀ ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú, wọ́n gbé e lọ sí Korea, ó dé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ kéékèèké, ó ṣe gáàdì ní Museum of Modern Art, ibẹ̀ náà ló ti pàdé Sol LeWitt àti Robert Ryman, oníṣẹ́ ọnà bíi tiẹ̀, tí àwọn náà ń jẹun lábẹ́ mùsíọ́ọ̀mù yẹn nígbà náà, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Láti 1961 ló ti ń kan àpótí onígun mẹ́rin mọ́ ògiri tó ń so gílóòbù mọ́ ọn, ó pè wọ́n ní icon, bí àwòrán mímọ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan wà níbẹ̀, àpótí funfun, iná funfun lórí ẹ̀, tó fi sọrí David ìkejì ẹ̀. Ìbejì ni Flavin, ẹ gbọ́ o, ìkejì ẹ̀ sì kú ní 1962. Kò sí ohun tó pa iṣẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ ère ìbejì tiwa, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe tiẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ló máa dúró níwájú ẹ̀ tí ọkàn ẹ̀ ò ní lọ síbẹ̀?

Ó wá di ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1963. Flavin mú ọ̀pá fùlọ́rẹ́sẹ́ńtì kan, ẹsẹ̀ bàtà 8, aláwọ̀ ìyeyè, ó so ó mọ́ ògiri ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kò dá a dúró kò sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó dà á gẹ̀rẹ́ ní dígírì 45. Ó tan án. Ó parí. Kò gbẹ́ nǹkan kan, kò kùn nǹkan kan. Ó fi ọjọ́ yẹn gan-an sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, "the diagonal of May 25, 1963", nígbà tó yá ó fi sọrí Constantin Brancusi, agbẹ́re kan tí màá padà sórí ẹ̀. Láti ìgbà náà títí tó fi kú ní 1996, ohun tó ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù ló ń lò: ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 2, 4, 6 tàbí 8, nígbà míì èyí tó rí róbótó, pupa, búlúù, gíríìnì, píǹkì, yẹ́lò, oríṣi funfun mẹ́rin, àti ultraviolet. Ó tán. Ó lówó nígbà tó yá, ó lè ní kí wọ́n máa ṣe àwọ̀ tó bá wù ú fún un, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àbúrò yín ti ṣìnà rèé, ẹ má bínú: ọ̀pá ló ń wò. Oníṣẹ́ iná ni, kò lè ṣe kó má wo ọ̀pá, ojú ẹ̀ á ti lọ síbi wáyà. Ògiri ló yẹ kó wò.

Iṣẹ́ kan wà ní Museum of Modern Art, "pink out of a corner (to Jasper Johns)", ọdún 1963 náà ló ṣe é. Igun yàrá, níbi tí ògiri méjì ti pàdé, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń ṣókùnkùn jù nínú yàrá. Flavin mú ọ̀pá píǹkì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 8, ó nà án ró ṣánṣán sínú igun yẹn láti ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró síwájú ẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé igun yẹn ti pòórá. Ojú yín ò mọ ibi tí ògiri ọ̀tún parí sí tí tòsì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó dà bíi pé ẹnì kan la yàrá níbẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀pá fúnra ẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun, torí ó ti mọ́lẹ̀ jù kí ojú tó rí àwọ̀ lára ẹ̀. Ibo ni píǹkì wà? Lára ògiri, lórí ilẹ̀, lẹ́yìn ọwọ́ yín, lára bùláòsì funfun tẹ́ni tó dúró tì yín wọ̀. Yàrá ló gbẹ́, kì í ṣe igi, ìmọ́lẹ̀ sì ni irin tó fi gbẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá gbé ọ̀pá yẹn gan-an sórí àjà ilé, ó ti di iná ilé, kò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Ìdí nìyẹn tí òun fúnra ẹ̀ ò fi fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní ère, ó ní ipò ni òun ń dá sílẹ̀ nínú yàrá. Àwa ń pè é ní ère ṣá, torí pé bí èèyàn bá rìn yí i ká ohun tó ń rí ń yí padà.

Ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an, báwo ló ṣe ń jáde? Àbúrò yín mọ èyí dáadáa, ṣùgbọ́n fún ẹ̀yin: inú ọ̀pá yẹn, gáàsì argon díẹ̀ àti mẹ́kúrì tí kò tó nǹkan ló wà níbẹ̀. Tí iná bá dé, sítátà á gbé e dìde, ṣóòkì á sì máa dá iná dúró kó má ṣe ya wọlé jù. Iná á máa lu mẹ́kúrì yẹn, mẹ́kúrì á tú ìtànṣán tí ojú èèyàn ò lè rí sílẹ̀, páúdà tí wọ́n fi ra inú gíláàsì á gba ìtànṣán yẹn, á sọ ọ́ di èyí tí à ń rí. Páúdà ló ni àwọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló lágbára bákan náà: gíríìnì ló ń tàn jù, torí ojú èèyàn fẹ́ràn ẹ̀, pupa wà nísàlẹ̀, ó máa ń rẹlẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá wá gbé pupa, gíríìnì àti búlúù pa pọ̀ sórí ògiri kan, kì í ṣe pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló máa dà bíi ti ọ̀dà, ó máa ń sún mọ́ funfun. Flavin lo ẹ̀tàn yẹn gan-an.

Ní Dia Beacon tẹ́ ẹ lọ yẹn, wọ́n ní iṣẹ́ tó ń jẹ́ "untitled (to you, Heiner, with admiration and affection)", 1973, gíríìnì gbogbo ẹ̀, àwọn onígun mẹ́rin ẹsẹ̀ bàtà 4 tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ọgbà tó dí yín lọ́nà. (Ilé yẹn fúnra ẹ̀, ibi tí Nabisco ti ń tẹ páálí bísíkíìtì ni tẹ́lẹ̀ kó tó di mùsíọ́ọ̀mù ní 2003.) Tẹ́ ẹ bá tún lọ, ẹ má sáré kọjá. Ẹ dúró tì í ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, gíríìnì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lójú yín, á máa lọ sí funfun. Ẹ wá yí ojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ wà, ẹ ó rí i pé ó ti di píǹkì. Kò sẹ́ni tó tan iná píǹkì kankan o. Gíríìnì ló ti rẹ ojú yín, ohun tó ṣẹ́ kù ni ojú yín ń rí. Ère tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú ẹni tó ń wò ó nìyẹn.

Àbúrò yín ṣì lè sọ pé Flavin ò fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì fọwọ́ kàn án, òun nìkan kọ́. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Donald Judd, tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi tí Judd fi sọ ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ní Flavin, máa ń ya àwòrán sórí pépà ni, á gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe pánù àti irin, àwọn á gé e àwọn á tẹ̀ ẹ́. Àpótí alumíníọ̀mù 100 ni Judd ní kí wọ́n ṣe fún Marfa ní Texas, láàárín 1982 sí 1986, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ẹ̀ láti ìta, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò jọ ọ̀kan nínú. Inú ilé ńlá méjì tí àwọn ológun ti ń kó nǹkan ìjà sí ló tò wọ́n sí, ó yọ ilẹ̀kùn gàráàjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò, ó fi gíláàsì dí i, kí oòrùn lè máa wọlé. Ní òwúrọ̀ ẹ ó rí àpótí tó dà bí irin wúwo, tó bá di ìrọ̀lẹ́ òun náà yìí kan náà á dà bí omi, èèyàn ò ní mọ èwo ni alumíníọ̀mù èwo ni ojú ọ̀run tó ń dán lára ẹ̀. Flavin náà ní tiẹ̀ ní Marfa, ilé bárékè mẹ́fà, àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ tí ọ̀pá iná dí, píǹkì àti gíríìnì, yẹ́lò àti búlúù, àwọ̀ kan kọjú sí ìhín, èkejì kọjú sí ọ̀hún. Ó ti kú ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó ṣí i ní 2000. Òkú ò lè so wáyà, síbẹ̀ tiẹ̀ ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ rántí pé Brancusi ni Flavin fi ọ̀pá àkọ́kọ́ yẹn sọrí. Ará Romania tó ń gbé ní Paris ni Brancusi. Ní 1926 ère ẹ̀ kan, "Bird in Space", wọ New York, idẹ tó ń dán gbinrin, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè, kò ní ìyẹ́, kò lẹ́sẹ̀, kò lẹ́nu. Kọ́sítọ́ọ̀mù wò ó títí, wọ́n ní èwo ni ẹyẹ níbí? Ère kì í san owó ibodè nígbà náà, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ ohun èlò ilé ìdáná àti ti ọsibítù, kí wọ́n san ìdá 40 nínú 100. Ó di kóòtù. Oṣù Kọkànlá 1928 ni àwọn adájọ́ ní ère ni jàre, wọ́n ní ayé ti yí padà, kò pọn dandan kí ère jọ nǹkan.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Ní 2006 gálárì kan ní London tó ń jẹ́ Haunch of Venison kó iṣẹ́ Flavin àti fídíò Bill Viola wọlé láti Amẹ́ríkà, wọ́n tú u palẹ̀ sínú páálí bó ṣe yẹ. Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí páálí, kí ni wọ́n rí? Iná. Ère ń san VAT ìdá 5, iná ń san odindi. Gálárì pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n jàre ní 2008. Ní oṣù Kẹjọ 2010 ni European Commission, àjọ tó ń ṣòfin kọ́sítọ́ọ̀mù fún Yúróòpù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ nígbà náà, wá gbé òfin jáde tó dojú ẹjọ́ yẹn dé, wọ́n ní iná ara ògiri ni ti Flavin, kó san VAT bí iná yòókù, èyí tó máa tó di ìdá 20 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2011. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé iná ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà ni wọ́n fẹ́ fi ṣírò owó, wọn ò lo iye tí wọ́n ń ta iná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ò ní fẹ́ gbọ́. Àlàyé tí àwọn ará Commission yẹn ṣe ni pé kì í ṣe ohun èlò tí wọ́n kó wọlé ni iṣẹ́ ọnà, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ẹ̀ jáde ni. Gbogbo ayé pariwo lé wọn lórí pé wọ́n ya òpè. Lójú tèmi, owó tí wọ́n fẹ́ gbà ni ò dáa, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an wọ́n sọ ọ́ re. Kò sí alárìíwísí tó gé e kúrú tó bẹ́ẹ̀. Alẹ́ tí mùsíọ́ọ̀mù bá ti pa iná, iṣẹ́ Flavin ò sí níbẹ̀, irin àti gíláàsì ló kù. Ká ní Nàìjíríà ló wà ni, NEPA á ti máa mú ère lọ lójoojúmọ́.

Ìyẹn ló gbé wa dé ìbéèrè kejì yín, tí iná bá jó ńkọ́. Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ yẹn náà ló sì jẹ́. Flavin mọ̀ pé á jó, ó wù ú bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan tó ṣe láti 1964 dé 1990, mọ́kàndínlógójì ni gbogbo ẹ̀, ó fi sọrí Tatlin ará Rọ́ṣíà tó ya àwòrán ilé gogoro tí wọn ò rí kọ́ láéláé. Ó pè wọ́n ní "monument", ó sì fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu ká a mọ́, torí irú ohun ìrántí wo ló nílò kí wọ́n máa ra tíúbù fún un?

Pípààrọ̀ yẹn ò rọrùn bẹ́ẹ̀ ṣá o. Ọ̀pá tó bá ti pẹ́, ẹnu ẹ̀ méjèèjì á máa dúdú, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá fi tuntun kan ṣoṣo sáàárín ògbólógbòó mẹ́ta, ojú á lọ sórí tuntun yẹn tààrà, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fẹ́ pààrọ̀ wọn lápapọ̀. Funfun oríṣi mẹ́rin ló wà bí mo ṣe sọ, tẹ́ni tó ń ra nǹkan bá lọ ra daylight dípò cool white, ó ti ṣe iṣẹ́ ẹlòmíì.

Kí wá ni ẹni tó rà á ní lọ́wọ́ gan-an tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló ṣeé pààrọ̀? Sàtífíkéètì. Àwòrán iṣẹ́ náà ló wà lórí ẹ̀, ìwọ̀n, àwọ̀, nọ́ńbà, pẹ̀lú ọwọ́ Flavin. Mẹ́ta tàbí márùn-ún ló sábà máa ń ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́, kì í sì í ṣe é títí ẹnì kan á fi rà á, ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tó kú ó lé ní 1,000 tí wọn ò tíì ṣe. Ẹ wò ó bíi C of O: tí ilé bá wó, ẹ lè tún un kọ́, ṣùgbọ́n tí C of O bá sọnù, ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ tà á fún. Ọ̀pá iná mẹ́fà láìsí pépà, iná mẹ́fà ni.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ọ̀pá yẹn fúnra ẹ̀ ń tán lọ. Nítorí mẹ́kúrì àti iná tó ń jẹ, Yúróòpù ti ní kí wọ́n má kó àwọn ọ̀pá fùlọ́rẹ́sẹ́ńtì tí wọ́n ń pè ní T5 àti T8 tuntun wọ ọjà mọ́ láti oṣù Kẹjọ 2023. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2012 ti lé ọ̀pọ̀ nínú T12 lọ, T12 sì ni Flavin lò, èyí tó sanra, tó fẹ̀ tó ínǹṣì kan àbọ̀. Àwọn mùsíọ́ọ̀mù ti ń rà á pamọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú bọ́ sórí LED. Èmi ò fara mọ́ ọn, kì í sì í ṣe torí agídí. Ọ̀pá fùlọ́rẹ́sẹ́ńtì ń tàn yí ká, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn. Tíúbù LED, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n to àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ yẹn sí, iwájú ló ń tàn sí jù. Ẹ gbé e sínú igun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ògiri ẹ̀yìn á ṣókùnkùn, igun á padà wá. Ẹ ti ra LED, ẹ ò ní ère. Tó bá di ọjọ́ kan tí wọ́n ṣe LED tó ń tàn yí ká tí àwọ̀ ẹ̀ sì bá a mu, a lè jọ sọ̀rọ̀ nígbà náà.

Ó ku àbúrò yín. Kó ṣe é, kí ló dé? Kò sẹ́ni tó máa mú un pé ó gbé iná píǹkì sí igun pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kó má kàn pè é ní Flavin, kó má sì tà á fún ẹnikẹ́ni lórúkọ Flavin, ìyẹn ti di jìbìtì. Tí kò bá rí ọ̀pá píǹkì, wọ́n ń ta róbà aláwọ̀ tí wọ́n ń kì bọ ọ̀pá funfun, kò dára tó ojúlówó ṣùgbọ́n á ṣiṣẹ́. Ògiri kó jẹ́ funfun, kí wọ́n má fi ọ̀dà tó ń dán kùn ún, kí wáyà má hàn níbi kankan, kí ẹ sì pa gbogbo iná pálọ̀ yòókù tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó. Ṣóòkì tó bá wáàtì ọ̀pá mu ni kó lò, àwọn oníṣẹ́ iná fẹ́ràn kí wọ́n máa lo èyí tó wà nínú àpò. Tí ọ̀pá bá fọ́, ẹ má gbé fákúùmù sí i rárá, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín jáde fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi páálí líle kó àfọ́kù ẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù gbé èyí tó kéré, ẹ dì í sínú ike tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kólẹ̀ ládùúgbò yín ibi tí wọ́n ń gba irú ẹ̀ sí.